Ìsè Owó Ni àbí Iṣẹ́ Ọwọ́?

Ọlọ́kadà kan ló tú mi fó. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá mi kékeré ní Ìtòkú, ó gbé ojú sókè wo sáìnbọ́ọ̀dù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kọ́, ó sì kà á sókè ketekete bí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: "Àdìrẹ Elékòó. Ìsè owó." Ló bá yíjú sí ìyá mi kékeré, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, tí owó yẹn bá ti jinná, ẹ bá mi bu díẹ̀ sílẹ̀ o." Gbogbo aládìrẹ tó wà ní ìlà yẹn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún kò kọjá eyín, torí èmi gan-an ni mo ṣe sáìnbọ́ọ̀dù náà.

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni "Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ, Iṣẹ́ Ọwọ́". Ohun tó wà lára flẹ́ẹ̀sì ni "Adire Eleko, Ise Owo", kò sí àmì kankan lókè, kò sí nísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ó ti di àlọ́ nìyẹn, bó bá ṣe wu kálukú ni yóò ṣe já a. Elékòó, ẹ má gbàgbé, oyè ọba Èkó ni. Kí èèyàn wá jókòó sáàárín Ìtòkú, nílẹ̀ Ẹ̀gbá, kó máa bá Elékòó ta àdìrẹ! Ìyá mi kékeré ò bá ọlọ́kadà wí. Èmi ló wò láti òkè délẹ̀. "Ìwọ tí o kàwé kàwé tí o ò sùn," ó ní, "ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ ẹlẹ́kọ nìyẹn?"

Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ẹ̀bi ọ̀hún kì í ṣe tèmi nìkan. Tèmi ló pọ̀ jù, mo gbà.

Nígbà tó pè mí pé kí n bá òun ṣe sáìnbọ́ọ̀dù, ohun tí òun ò fẹ́ ló kọ́kọ́ sọ. Kò fẹ́ lẹ́tà tó dúró gbọnra-n-gbọnran bí ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò fẹ́ èyí tó dà bíi ti báǹkì. "Ọwọ́ ni mo fi ń ṣe ọjà mi," ó ní, "lẹ́tà tó bá máa wà lórí rẹ̀, kó rí bíi pé ọwọ́ ló kọ ọ́. Kó máa sáré bí ìyẹ́ ṣe ń sáré lójú aṣọ." Ìyẹ́ adìẹ ló ń sọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti aládìrẹ ẹlẹ́kọ rí á mọ̀: wọ́n á fi láfún se ẹ̀kọ, wọ́n á fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á ki ẹnu ìyẹ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fi ya ilà sójú aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní ráyè wọ ibẹ̀ dáadáa. Ìgbà tí aṣọ bá ti inú ìkòkò aró jáde, tó gbẹ, tí wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò lára rẹ̀, ni èèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí ọwọ́ kọ.

Irú lẹ́tà tó ń sọ yẹn, àwa tó ń ṣe iṣẹ́ gíráfíìsì ní orúkọ tí à ń pè é: brush script, lẹ́tà oníbúrọ́ọ̀ṣì. Ẹ ti rí i, bí ẹ ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun ló máa ń wà lára ọ̀rá búrẹ́dì, lára ike yọ́gọ́ọ̀tì, lẹ́yìn jẹ́ẹ̀sì àwọn ẹlẹ́gbẹ́ bọ́ọ̀lù àdúgbò, lójú pósítà sinimá. Ó máa ń fì sápá ọ̀tún bí ẹni tó ń sáré gun òkè. Ibi tí búrọ́ọ̀ṣì bá ti ń sọ̀kalẹ̀, á sanra. Ibi tó bá ti ń gòkè padà, á tín-ín-rín. Lẹ́tà kan á na ọwọ́ sí èkejì, èkejì á gbà á, wọ́n á so mọ́ra títí ọ̀rọ̀ á fi parí. Èyí tó bá wá ki nínú wọn, tí wọ́n ṣe fún àkọlé, tí wọn ò ṣe fún kí èèyàn máa fi ka ìwé, a lè rí i láti inú kẹ̀kẹ́ Máruwá tó ń sáré bọ̀ láti Sápọ́n, kí kẹ̀kẹ́ tó kọjá a ti kà á tán.

Kí n tó mọ kọ̀ǹpútà ni mo ti mọ búrọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn tí mo ṣe Wáẹ̀kì, tí èsì kò tíì dé, bàbá mi fi mí sọ́dọ̀ sáìnráítà kan ní Lafẹ́nwá kí n má baà máa rìn gbéregbère. Iṣẹ́ mọ́tò ló pọ̀ jù lọ́wọ́ Ọ̀gá mi: pákó iwájú àti tẹ̀yìn àwọn mọ́tò akẹ́rù, "Ayé ń yí", "Ẹ̀yìn ló ń dùn sí", "Olúwa ló ń ṣe é". Mi ò rí i kó fi rúlà kọ lẹ́tà rí. Okùn tí a fi ẹfun pa ló fi ń gba ìlà. Èmi á di ẹnu kan mú, òun á di ìkejì mú, á fà á le, á ta á sára pákó, pá! Ìlà funfun á hàn. Ó tán.

Agolo mílíìkì ló ń da ọ̀dà sí. Á ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, á fà á sétí agolo lápá kan, á fà á lápá kejì, títí ẹnu irun rẹ̀ á fi mú bí ẹnu ọ̀bẹ. Á fi ìka kékeré ti ara pákó kí ọwọ́ má baà gbọ̀n. Láti ibẹ̀ lọ, kò ní mí mọ́. Ọrùn rẹ̀ ni mo máa ń wò. Bó bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì kan pákó báyìí, èémí á dúró, á tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, á gbé e fúyẹ́ gòkè, á yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó parí. Á wá mí, fùú. Lẹ́tà kan, èémí kan. Níbi tí ọ̀dà bá ti fẹ́ẹ́ tán lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, ìrù lẹ́tà á ya fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wàá máa rí ojú pákó láàárín rẹ̀ bí ìgbà tí ìgbálẹ̀ bá kọjá lórí iyanrìn. Lójú tèmi, àbùkù ni. Mo ti ki búrọ́ọ̀ṣì kékeré bọ ọ̀dà lọ́jọ́ kan kí n lọ bá a dí i, ó gbá mi lọ́wọ́. "Fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yára."

Àwọn àmì ló máa ń gbẹ̀yìn. Á kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, á sún sẹ́yìn, á kà á sínú jẹ́jẹ́, á wá padà síbi pákó, á máa fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kan ìsàlẹ̀ lẹ́tà, tó, tó, tó, bí ẹni tó ń gbin àgbàdo. Iye lẹ́tà ló fi ń díye lé iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, dírẹ́bà kan bẹ̀rẹ̀ sí bá a jà pé àwọn kóńkó wo ló ń tò sábẹ́ orúkọ òun yìí, ṣé òun náà á tún san owó wọn ni? Ọ̀gá ò tiẹ̀ wojú rẹ̀. "Àmì ò gbówó," ó ní. "Bí mi ò bá fi sí i, orúkọ ẹlòmíràn lo máa gbé kiri."

Ọ̀gá mi ò gbọ́ orúkọ Robert E. Smith rí, Robert E. Smith náà ò sì gbọ́ orúkọ Lafẹ́nwá, àmọ́ ohun kan náà làwọn méjèèjì ń lé. Ní 1942, Smith ya lẹ́tà kan fún iléeṣẹ́ American Type Founders ní Amẹ́ríkà, wọ́n pè é ní Brush Script. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà ìtẹ̀wé nígbà náà. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí òjé tirẹ̀, wọ́n á máa tò wọ́n ti ara wọn bí bíríkì. Ẹ wá rò ó wò: lẹ́tà tó yẹ kó so mọ́ra bíi pé ọwọ́ ò kúrò lójú ìwé, bíríkì kéékèèké ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọ. Ìrù "a" gbọ́dọ̀ dé etí òjé tirẹ̀ gẹ́lẹ́, ní gíga kan náà tí "n" ti máa bẹ̀rẹ̀ lórí òjé tó tẹ̀ lé e. Bó bá fi ìwọ̀n irun kan yẹ̀, ojú á rí àlàfo, idán á bàjẹ́. Ní 1953, Roger Excoffon ní ilẹ̀ Faransé ṣe tirẹ̀ fún iléeṣẹ́ Fonderie Olive ní Marseille. Mistral ló pè é, orúkọ afẹ́fẹ́ líle kan tó máa ń fẹ́ ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń fọwọ́ kọ̀wé ló sì gbé e lé.

Èmi fẹ́ràn Mistral ju Brush Script lọ. Brush Script dà bí ọmọ tó fá orí, tó wọ bàtà dídán, tó fẹ́ lọ ya fọ́tò. Mistral dà bí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì ló bá Microsoft Office wọ inú kọ̀ǹpútà wa, ṣùgbọ́n Brush Script ni gbogbo bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà dì mú, tí wọn ò sì jù ú sílẹ̀ títí àwọn ọmọ tuntun fi dé: Lobster ní 2010, Pacifico lẹ́yìn rẹ̀, àti àìmọye mìíràn tí èèyàn lè wà sórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́.

Bó ṣe di pé wọ́n fi ń kọ ohun gbogbo nìyẹn. Mo ti rí i lára ìwé ìpè ìgbéyàwó, ó dáa. Mo ti rí i lára àpò gààrí, ó dáa jùyẹn lọ. Mo tún ti rí i lára pátákó tó ní "Má tọ̀ síbí", ó ń fì, ó ń jó, bíi pé ó ń pe èèyàn wá tọ̀. Lára pósítà olóògbé ńkọ́? Ẹ rìn láti Omída títí dé Ìbarà, kí ẹ máa ka àwọn "Ó dìgbóṣe" tó wà lára ògiri. Èyí tí wọ́n bá fi lẹ́tà oníbúrọ́ọ̀ṣì tó ki kọ orúkọ bàbá, á dà bíi pé bàbá ń ti òde àríyá lọ sọ́run. (Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni bàbá fẹ́ ẹ o.)

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá nìkan kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Lẹ́tà ńlá oníbúrọ́ọ̀ṣì, ó ní ìwo, ó ní ìrù, ó ń retí kí àwọn kéékèèké tẹ̀ lé òun. Bí ẹ bá wá kó mẹ́wàá irú wọn sójú kan, ìwo á máa kan ìwo, kò sí èyí tó máa di èkejì lọ́wọ́ mú, ẹni tó ń kọjá á kàn rí igbó. Àwọn mìíràn á fa àlàfo sáàárín àwọn lẹ́tà kó lè kún flẹ́ẹ̀sì, gbogbo ọwọ́ tí lẹ́tà nà síra wọn á wá dá sínú afẹ́fẹ́. Bó bá sì ti kéré jù, ihò inú "e" àti "a" á dí, nọ́ńbà fóònù á di àbàwọ́n. Àdírẹ́ẹ̀sì àti nọ́ńbà, lẹ́tà ọlọ́pàá ni kí ẹ fi kọ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fi ń dán fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí a ń kó sínú kọ̀ǹpútà, wò kí n tó rà á: "gbogbo". Bí Ọ̀gá mi bá kọ gbogbo sára mọ́tò, "gbo" àkọ́kọ́ á mu ọ̀dà yó, èkejì á ti gbẹ díẹ̀, ikùn rẹ̀ á sì fẹ̀ ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ torí Ọ̀gá ti rí i pé àyè ṣì kù. Ti fọ́ǹtì, ìbejì ni. Ibi tí irun búrọ́ọ̀ṣì ti ya lára Táíwò, ibẹ̀ gan-an ló ti ya lára Kẹ́hìndé, ẹni tó bá sì ti rí i lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń ṣe fọ́ǹtì náà mọ̀. Látìgbà tí OpenType, ìlànà tuntun fún ṣíṣe fọ́ǹtì, ti dé ni wọ́n ti ń kó "o" méjì mẹ́ta pamọ́ sínú fọ́ǹtì kan, kí kọ̀ǹpútà máa pààrọ̀ wọn bó bá rí i pé lẹ́tà kan náà tún ń bọ̀. Fọ́ǹtì tí mo rà fún iṣẹ́ ìyá mi kékeré ní irú ẹ̀. "Gbogbo" rẹ̀ dùn ún wò débi pé mo pe ọmọ iṣẹ́ mi wá wò ó.

Ibi tí mo ti tẹ "Iṣẹ́" ni wàhálà ti dé. "I" jáde, ó ki, ó fì. "Ṣ" kékeré jáde, ó tín-ín-rín, ó nàró ṣánṣán, kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú, bí àlejò tó wọ kóòtù wá síbi tí gbogbo ẹbí ti wọ aṣọ ẹbí. Ṣẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n: fọ́ǹtì yẹn kò ní ṣ, ni kọ̀ǹpútà bá lọ yá ọ̀kan wá níbòmíràn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó ní ẹ, ó ní ọ. Báwo ni fọ́ǹtì á ṣe mọ ẹ, á mọ ọ, tí kò wá ní mọ ṣ? Mo wá ìdí rẹ̀ lọ. Kì í ṣe tìtorí wa ni wọ́n ṣe fi ẹ àti ọ síbẹ̀. Tìtorí àwọn ará Fiẹtnámù ni. Èdè tiwọn náà máa ń fi àmì sábẹ́ a, e, i, o, u àti y, àmọ́ ohùn ni àmì abẹ́ ń tọ́ka sí lọ́dọ̀ wọn, kò sì sí ohun tó jọ ṣ nínú ìwé wọn. Ẹni tó bá ṣe fọ́ǹtì fún Fiẹtnámù ti ṣe ẹ àti ọ fún Yorùbá láìmọ̀. À ń jẹ nínú àsè tí wọn ò pè wá sí.

Síbẹ̀, àsè náà ò kárí. Nítorí pé ohùn ni àmì abẹ́ jẹ́ fún wọn, wọn kì í tún gbé ohùn mìíràn lé "ẹ" lórí. Àwa ń ṣe bẹ́ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀: ẹ́, ẹ̀, ọ́, ọ̀. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí wọ́n fún odidi "ẹ́". Ńṣe ni kọ̀ǹpútà á mú "ẹ", á mú àmì ohùn lọ́tọ̀, á gbé e lé e lórí, ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ sọ ibi tí yóò gbé e lé fún un. Ẹni tó ṣe tèmi kò sọ nǹkan kan. Nínú "Ẹlẹ́kọ", àmì ohùn ṣí kúrò lórí "ẹ́", ó lọ gúnlẹ̀ sórí "k", bí fìlà tí afẹ́fẹ́ gbé lọ sórí ẹlòmíràn.

Ó ku ọjọ́ kan kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo wo àlejò tó wọ kóòtù, mo wo fìlà tó bọ́, mo sì ṣe ohun tí púpọ̀ nínú wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń ṣe. Mo pa gbogbo àmì rẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ gún régé: ó ki, ó so mọ́ra, ó ń sáré bí ìyá mi kékeré ṣe fẹ́. Mo sọ fún ara mi pé, "Wọ́n á kúkú mọ̀ ọ́n kà." Ohun tí mo gbé fún àwọn onítẹ̀wé náà ni wọ́n tẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ọlọ́kadà yẹn fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tó ń dùn mí kì í ṣe owó flẹ́ẹ̀sì. Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Níbí ni míṣọ́nnárì òyìnbó, Henry Townsend, ti tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní 1859, lẹ́tà òjé ni, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Níbí ni Àjàyí Crowther ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní 1846, lẹ́yìn 25 ọdún tí ogun ti yà wọ́n. Nínú iṣẹ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kíkọ Yorùbá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, títí kan àmì abẹ́ lẹ́tà tí mo fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo pa rẹ́ yìí. Nígbà tí Smith jókòó láti ya Brush Script ní 1942, àmì abẹ́ lẹ́tà Yorùbá ti lé ní 80 ọdún. Kì í ṣe àmì ló pẹ́ dé.

Mo padà sí Ìtòkú lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìpinnu. Mo sọ fún ìyá mi kékeré pé kí a fi lẹ́tà oníbúrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo máa wá lẹ́tà gbọnra-n-gbọnran tó ní gbogbo àmì. Mo tiẹ̀ wàásù díẹ̀ sí i. Mo ní irọ́ ni lẹ́tà ọ̀hún ń pa. Ẹ̀rọ ló kọ ọ́, ó sì ń ṣe bí ọwọ́, kò yẹ kó wà lórí ọjà tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá nawọ́ sábẹ́ tábìlì, ó fa páànù kan yọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdìrẹ Abẹ́òkúta mọ páànù tí mò ń wí. Àwọn ọkùnrin ló máa ń gé bátànì sí i lára pẹ̀lú irin mímú. Àwọn obìnrin á tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ ra á lójú, ẹ̀kọ á gba ojú ihò wọlé, wọ́n á gbé páànù sún síwájú, wọ́n á tún ṣe é. Ìbàdàn ló gbajúmọ̀ fún èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ kọ láìlo páànù. Tiwa ni páànù. Ìyá mi kékeré ń fi páànù ṣe etí aṣọ, á wá fi ìyẹ́ kọ àárín rẹ̀. Ó na páànù sí mi. Ẹja kékeré mẹ́rin tó tẹ̀ lé ara wọn ló wà lára rẹ̀, etí wọn ti dán nítorí lílò.

"Ẹni tó gé e ti kú," ó ní. "Àwọn ẹja rẹ̀ ò tíì dẹ́kun wíwẹ̀ lára aṣọ mi. Ṣé irọ́ lèmi náà ń pa?"

Mi ò rí èsì fún un. Mo ń yí páànù yẹn lọ́wọ́. Ojú ẹja kọ̀ọ̀kan jẹ́ òrùka, tínrín páànù kan sì so àárín òrùka náà mọ́ ara. Mo béèrè pé kí nìyẹn wà fún. Ó ní bí wọn ò bá fi í sílẹ̀, àárín ojú ẹja á já bọ́, ihò gbàǹgbà á ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni "o" á ṣe rí bí wọ́n bá gé e sí páànù. Ẹni tó gé e mọ ohun tí páànù ò lè gbà, ó wá ibi tó máa gbà á gbà. Fọ́ǹtì mi ò burú ju páànù lọ. Ẹni tó gé e ni kò mọ̀ pé èmi wà.

Ni mo bá ní kó fún mi ní ìyẹ́.

Ó bu ẹ̀kọ sínú abọ́ kékeré, ó fún mi ní àgékù aṣọ funfun, mo jókòó sórí àpótí, mo ń ta àmì sójú aṣọ. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ dà bí ìtọ́ ọmọdé. "O ń tẹ̀ ẹ́ pa," ó ní. "Fi ẹnu ìyẹ́ kàn án, kí o gbé e." Nígbà tó máa fi di bí ogójì, ọwọ́ mi ti ń mọ̀ ọ́n. Àmì tí ìyẹ́ bá ta kì í rí róbótó bíi ti ẹ̀rọ. Ó máa ń gùn díẹ̀ bí hóró ìrẹsì, orí rẹ̀ á tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ á sanra, á sì fì sápá ọ̀tún fúnra rẹ̀ torí bí ọwọ́ ṣe ń lọ nìyẹn. Mo jẹ́ kó gbẹ, mo fi fóònù yà á, mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà, mo ya etí rẹ̀ yípo lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ ni mo nílò. Mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo mú, kí ọ̀rọ̀ Táíwò àti Kẹ́hìndé má baà tún wáyé.

Lílẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà ló gba ọ̀sẹ̀ méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Okùn tó so "ẹ" mọ́ lẹ́tà tó tẹ̀ lé e máa ń gba ìsàlẹ̀ kọjá, ó sì ki. Bí àmì bá sún mọ́ ọn jù, tá a bá wò ó láti ọ̀ọ́kán, á dà bíi pé ọ̀dà ló kán sílẹ̀. Mo fà á wálẹ̀ díẹ̀, mo tún fà á. Àmì ohùn ní wàhálà tirẹ̀. Mo kọ́kọ́ ṣe é kó sanra tó lẹ́tà, gbogbo "ẹ́" dà bí alábàárù tó ru pákó. Mo bù ú kù di nǹkan bí ìdajì, ó balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé àmì abẹ́ ìlà òkè àti àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ ń gbá orí ara wọn láàárín, bí àwọn tó ń gbé ilé olókè tí àjà rẹ̀ kéré. Mo la àwọn ìlà méjèèjì níyà. Àwọn òyìnbó tó ya lẹ́tà yìí ti fún ìlà mọ́ ìlà, torí kò sí ohun tó ń gbé láàárín ìlà tiwọn. Mo kọ̀wé sí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì náà, mo ya ṣ fún un, mo ṣàlàyé ẹ́ àti ọ̀. Kò tíì fèsì.

Ọjọ́ Sátidé kan la gbé flẹ́ẹ̀sì tuntun kọ́. Ọmọkùnrin tó gun àkàbà ṣì ń so okùn lọ́wọ́ nígbà tí ìyá mi kékeré ti dúró sójú títì, tó ń na ìka sókè, tó ń ka àmì abẹ́ bí ẹni ka owó. Àdìrẹ, ọ̀kan. Ẹlẹ́kọ, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Iṣẹ́, márùn-ún, mẹ́fà. Ọwọ́, méje, mẹ́jọ. Ó pé. Ọmọkùnrin tó wà lókè béèrè bóyá wọ́n gba owó àwọn kóńkó yẹn lọ́tọ̀. Mo ní àmì ò gbówó.

"Dúró ná," ìyá mi kékeré ní. "Ti ìsàlẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Ìlà kékeré tó wà lábẹ́ àwọn ńlá ló ń nawọ́ sí, èyí tí mo fi lẹ́tà ọlọ́pàá kọ: "Gbogbo oríṣi ló wà". Gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń bá lẹ́tà oníbúrọ́ọ̀ṣì fà á, mi ò wo ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kejì. "Orísi" ló wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ s.

Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, mo máa lọ tún un tẹ̀. Ó ní owó ta ni mo fẹ́ fi tún un tẹ̀. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé agolo ọ̀dà dúdú tó ṣẹ́kù láti ìgbà tí wọ́n kun ilẹ̀kùn, ó ṣa ìyẹ́ kan nínú àwọn tó fi ń ṣiṣẹ́, ó ní kí ọmọkùnrin sọ̀kalẹ̀. Ó ká ìró sókè, ó gun àkàbà. Mo di ẹsẹ̀ àkàbà mú, mo ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Ó fi ìka kékeré ti ara flẹ́ẹ̀sì. Èjìká rẹ̀ dúró, kò mí. Lẹ́yìn náà ó mí.

Àmì ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀. Ó yẹ̀ sápá òsì díẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ sì ṣàn tó bí orí ìgbálẹ̀ kó tó gbẹ.